Ẹ Má Tíì Bú Ẹni Tó Ta Ọjà, Ẹ Wo Ẹnu Fáìsì Ná

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ kò tóbi lójú ẹni tí kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́, ṣùgbọ́n owó tó ń bá a lọ kì í ṣe kékeré. Láti Ládípọ̀ dé Ọ̀wọdé Onírin, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, ẹjọ́ kan náà ni àwọn oníbàárà ń rò: "Ṣọ́ọ̀kì tí mo rà kò pé oṣù méjì tó fi ń tú epo. Fèéki ni wọ́n tà fún mi." Fèéki wà lọ́jà lóòótọ́, a kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó padà lọ bá ẹni tó tà á jà, ẹ yọ ṣọ́ọ̀kì náà, kí ẹ fi èékánná fa ara ọ̀pá dídán rẹ̀ láti òkè wá sílẹ̀. Tí èékánná bá kọ́ ibì kan, tí ẹ sì rí àpá kéékèèké tó tò ní ìlà-ìlà síbẹ̀, bí ibi tí eku jẹ, eyín fáìsì ni ẹ ń wò yẹn. Fáìsì ni irin elẹ́nu méjì tó ń há iṣẹ́ mú lórí tábìlì ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá yín dè é mọ́ ọkọ̀ ló kọ́kọ́ fi fáìsì di ọ̀pá náà mú kí nọ́ọ̀tì orí rẹ̀ lè tú.

Ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì ní kúróòmù lára. Kúróòmù yẹn le ju eyín fáìsì lọ, ìdí nìyẹn tó fi ń ya àwọn ọmọṣẹ́ lẹ́nu pé ó bàjẹ́. Ṣùgbọ́n fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, kò nípọn tó irun orí. Irin abẹ́ rẹ̀ ló ń tẹ̀. Tí irin bá sì ti tẹ̀, kúróòmù á là bí èèpo ẹyin. Etí ibi tó là yẹn mú bí abẹ. Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá já sí kòtò, ọ̀pá á gòkè, á sọ̀ kalẹ̀, á máa rẹ́ síìlì rọ́bà tó dá epo dúró. Ní títì Èkó tiwa yìí, kò ní pẹ́ rẹ́ ẹ tán.

Bí ọwọ́ ṣe ní ìbọ̀wọ́, tí ẹsẹ̀ ní ìbọ̀sẹ̀, ó yẹ kí ẹnu fáìsì ní ìbọ̀ tirẹ̀. Ìbọ̀ ẹnu ni a ó máa pè é nínú lẹ́tà yìí. Sọ́ọ̀fùtì jọ́ọ̀ ni àwọn tó kọ́ ọ níléèwé ń pè é. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá tó ní fáìsì ní ṣọ́ọ̀bù ni kò ní ìbọ̀ ẹnu kan ṣoṣo. Àwọn tó ní, èyí kan náà ni wọ́n ń fi sí ohun gbogbo: òun ni ti irin, òun ni ti sítéńlẹ́ẹ̀sì, òun ni ti kábúrétọ̀. Àwọn kan á ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ó dáa, kí wọ́n fi ẹnu àáké sílẹ̀, kí wọ́n wo ẹnu fáìsì.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò agbára tó wà níbẹ̀. Ẹ mú fáìsì tó jẹ́ pé láti àárín síkúrù rẹ̀ dé ibi tí ọwọ́ yín dì mú, sẹ̀ǹtímítà 25 ni, tí síkúrù náà sì ń rin mìlímítà 5 ní yíyí ẹ̀ẹ̀kan. Bí ọwọ́ yín bá yí po lẹ́ẹ̀kan, ó ti rin mìlímítà 1,570. Ẹnu fáìsì rin 5 péré. Agbára ọwọ́ ti di ìlọ́po 314 nìyẹn. Ọmọṣẹ́ tó bá fi agbára kílò 20 tẹ̀ ẹ́, èyí tí kò ní mú un làágùn, ì bá rí 6,280 kílò lẹ́nu fáìsì, àmọ́ irin tó ń ha irin nínú síkúrù máa ń jẹ tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀. Bí 1,500 kílò ló kù. Ẹrù yẹn wúwo ju odidi Corolla kan lọ.

Tí ìbọ̀ pẹlẹbẹ bá wà lẹ́nu fáìsì, tó kan iṣẹ́ ní ibi tó gùn ní mìlímítà 100, tó sì fẹ̀ ní 20, ẹrù náà á pín káàkiri débi pé ojú ibi tó fẹ̀ tó mìlímítà kan ní ìbú, kan ní òró, kò ní ru tó kílò kan. Tó bá jẹ́ ṣóńṣó eyín nìkan ló kan iṣẹ́, Corolla yẹn kan náà ló dúró sórí àwọn ibi tín-íntín, bí ìgbà tí obìnrin oníbàtà gogoro bá tẹ èèyàn lẹ́sẹ̀ nínú mólùè.

Ìlànà tó wà nídìí yíyan ohun tí a máa fi ṣe ìbọ̀ kò ju èyí lọ: kí ìbọ̀ rọ̀ ju iṣẹ́ lọ, kó lè jẹ́ òun ni yóò gba àpá, ṣùgbọ́n kó má rọ̀ débi tí iṣẹ́ á fi máa rìn kiri nínú rẹ̀. Lórí òṣùwọ̀n líle tí wọ́n ń pè ní Brinell, òjé wà ní bí 5, alumíníọ̀mù tí kò ní àdàlù bí 15, bàbà rírọ̀ bí 35, irin lásán bí 120. Ẹni tó bá mọ ibi tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ wà lórí òṣùwọ̀n yìí ti mọ ohun tó yẹ kó wá.

Bàbà la fi ṣáájú, òun la sì máa pẹ́ lórí rẹ̀. Ó dára fún ṣáàfù jẹnẹrétọ̀, fún ọ̀pá irin tí a ti dán, fún bọ́ọ̀tì tí a kò fẹ́ kí tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kú. Kò di dandan kí ẹ lọ ra tuntun. Páìpù éésì tó ti bàjẹ́ tó. Ẹ wá èyí tó fẹ̀ ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin íǹṣì, ìyẹn mìlímítà 19. Tí ẹ bá là á lóòró, tí ẹ sì tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, á fẹ̀ tó mìlímítà 60. Fáìsì oní-íǹṣì 5, ẹnu rẹ̀ gùn ní bí mìlímítà 125. Nítorí náà ẹ gé bàbà náà ní gígùn 165, kí 20 lè ṣẹ́kù ní ọ̀tún, 20 ní òsì, fún etí. Nínú 60 tó fẹ̀ yẹn, 20 á bo iwájú ẹnu, 40 á tẹ́ lé orí fáìsì sẹ́yìn. Tí ẹnu fáìsì tiyín kò bá ga tó 20, ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó ṣẹ́ ẹ, nítorí èyí tó bá gùn jù nísàlẹ̀ á máa kọ́ ara irin tó ń wọlé-jáde.

Epo máa ń wà nínú páìpù éésì. Ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi í síta kí atẹ́gùn fẹ́ sí i kí iná tó kàn án, nítorí gáàsì éésì tí iná bá jó, májèlé ló ń dà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi sísọ́ọ̀sì páànù là á. Ẹ fi iná àwọn oníéésì mú un gbóná, tàbí kí ẹ gbé e sórí èédú alágbẹ̀dẹ, títí yóò fi pọ́n ṣíṣú bí ẹyin iná tó ń kú lọ. Abẹ́ òrùlé ni kí ẹ ti ṣe é. Ẹni tó bá ṣe é nínú oòrùn kò ní rí pípọ́n yẹn títí bàbà á fi gbóná kọjá ààlà. Kí ẹ wá sọ ọ́ sínú omi.

Ibí yìí ni àwọn ọmọṣẹ́ ti ń jiyàn. Wọ́n ti rí alágbẹ̀dẹ tó ki ọ̀bẹ gbígbóná bọ omi kó lè le, wọ́n sì rò pé bàbà náà á le. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iná ló rọ bàbà. Omi kàn ń tètè mú un tutù, ó sì ń bọ́ èèpo dúdú ara rẹ̀ dànù ni. Ohun tó ń mú bàbà le ni lílù àti títẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá fún un mọ́ iṣẹ́, ó le díẹ̀ sí i. Ẹ lè fi etí mọ̀ ọ́n: bàbà tó ti le, tí ẹ bá jù ú sílẹ̀ẹ́lẹ̀ sìmẹ́ńtì, á dún gan-an-gan, èyí tó rọ̀ kò ní dún tó bẹ́ẹ̀, bí ẹni pé páálí ló bọ́. Ọjọ́ tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún gan-an-gan, ẹ dá a padà sínú iná. Kò sí oṣù tàbí ọ̀sẹ̀ tí a lè dá fún un, bí iṣẹ́ bá ṣe pọ̀ tó ni.

Láti ṣẹ́ ẹ, ẹ gé igun méjèèjì apá òkè dànù kí etí lè rí ààyè. Ẹ fi fáìsì fúnra rẹ̀ dì í mú, kí mìlímítà 20 wà nísàlẹ̀, kí ẹ fi pátákó há a níwájú, kí ẹ wá fi òòlù onígi lu apá òkè wálẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Òòlù irin á na bàbà, á sì rí gbágungbàgun. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ ṣẹ́ etí yí ẹ̀gbẹ́ ẹnu fáìsì po. Etí yẹn ni kì í jẹ́ kí ìbọ̀ ṣubú nígbà tí ẹ bá tú fáìsì. Eyín fáìsì á ti tẹ ara rẹ̀ sí ẹ̀yìn bàbà náà, ìyẹn dáa, ó ń dì í mú ni.

Àléébù páìpù éésì ni pé kò ní nípọn tó mìlímítà kan dáadáa. Bí eyín fáìsì bá jìn, kò ní pẹ́ tí àpá á fi yọ sí iwájú. Ẹ ṣe é ní ìlọ́po méjì, tàbí kí ẹ béèrè àjákù bọ́ọ́sì báà, ìyẹn ọ̀pá bàbà pẹlẹbẹ, lọ́wọ́ àwọn rìwáyà tó ń ṣe páńẹ́ẹ̀lì iná. Èyí tó nípọn ní mìlímítà 3 á pẹ́ lọ́wọ́ yín. (Bàbà tí ẹni tó gbé e wá kò bá lè sọ ibi tó ti rí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rà á. Wáyà iná àdúgbò ẹlòmíì ló sábà máa ń jẹ́.) Ìbọ̀ ẹnu tí wọ́n ti ṣe tán tún wà tó pọ́n lójú bíi bàbà, tó sì jẹ́ pé irin tàbí alumíníọ̀mù ni wọ́n fi bàbà pa lára. Òòfà á mú èyí tó jẹ́ irin. Ti alumíníọ̀mù, òòfà kò ní mú un, ṣùgbọ́n á fúyẹ́ lọ́wọ́. Tí ẹ bá sì fi fáìlì, irin tí a fi ń ha irin, ha etí rẹ̀, funfun ni ẹ máa rí.

Ti alumíníọ̀mù gan-an kò ṣòro rí ní Èkó. Àwọn tó ń ṣe fèrèsé alumíníọ̀mù ń da áńgù kéékèèké, ìyẹn ọ̀pá tó ṣẹ́ ní igun, nù lójoojúmọ́. Ẹ wá èyí tó fẹ̀ ní íǹṣì kan ààbọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tó nípọn ní mìlímítà 3. Ẹ gé méjì ní gígùn ẹnu fáìsì, ó parí. Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í ṣe ni pé wọn kì í bọ́ ara rẹ̀. Alumíníọ̀mù fèrèsé kì í wà ní ìhòòhò. Ó lè ní ọ̀dà, ọ̀dà sì ń yọ̀. Tàbí kí ó ní awọ tí ilé-iṣẹ́ fi iná mànàmáná hù sí i lára, awọ yẹn sì le bí ohun tí wọ́n fi ń ṣe sáńpépà, nítorí ohun kan náà ni wọ́n. Ẹni tó fi í di idẹ dídán mú láìbọ́ ọ ti fi sáńpépà dì í mú. Ẹ fi fáìlì ha ojú tó máa kan iṣẹ́ títí á fi funfun gbòò, kí ẹ sì ká etí rẹ̀ kó má mú. Tí ẹ bá fẹ́ kó rọ̀ sí i, ẹ fi ọṣẹ ìfọṣọ pa á lára, kí ẹ máa fi iná mú un gbóná láti ẹ̀yìn. Bí ọṣẹ bá ti dúdú, ẹ gbé iná kúrò kíá. Alumíníọ̀mù kì í pọ́n kó tó yọ́. Kò ní ju 660 díigíríì lọ tó fi máa yọ́, ẹ ò sì ní rí àmì kankan títí á fi dà sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n rírọ̀ tó jẹ́ kí alumíníọ̀mù dára náà ló ń sọ ọ́ di ọ̀tá. Gbogbo èérún irin tí fáìlì àti ayùn ń gé sílẹ̀ ni ó ń rì sí i lára. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ fi ọwọ́ pa á, ẹ máa gbọ́ bó ṣe ń ta yín. Eyín tuntun ló ti hù yẹn, kò kàn tò bíi ti àtijọ́ ni. Ìbọ̀ tó ti rí bẹ́ẹ̀ burú ju kí ẹnu fáìsì wà láìní ìbọ̀ lọ, nítorí ẹni tó rí eyín á ṣọ́ra; ẹni tó rí ìbọ̀ ti fọkàn balẹ̀.

Ibi tí ó ti ń dun oníbàárà jù ni sítéńlẹ́ẹ̀sì. Ẹ rìn ní Erékùṣù Èkó, ní apá Marina tàbí ibikíbi tí atẹ́gùn òkun ti ń fẹ́, ẹ wo irin ọwọ́ àtẹ̀gùn àwọn ilé ńlá. Ẹ máa rí ibi tó jẹ́ pé gbogbo páìpù ń dán, àfi ibì kan tó gùn díẹ̀ tó ní tó-tó-tó aláwọ̀ ilẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tó dojú kọra. Onílé á ní wọ́n ta fèéki fún òun. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ á rí i pé ìbú ẹnu fáìsì ni àpá yẹn. Irin lásán tó ti rì sínú ìbọ̀ ni fáìsì fi tẹ ara sítéńlẹ́ẹ̀sì, iyọ̀ inú atẹ́gùn sì bá èérún yẹn jà, ó dípẹtà. Sítéńlẹ́ẹ̀sì fúnra rẹ̀ lè má ní ẹ̀sùn kankan. Kí iṣẹ́ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ fi aṣọ tútù bo ibi tí fáìsì ti dì í mú, kó di ọjọ́ kejì. Bí irin bá wà lára rẹ̀, àmì pupa á ti yọ. Sáńpépà tuntun tí kò tíì kan irin rí ni kí ẹ fi bọ́ ọ, kì í ṣe èyí tí ẹ fi ha géètì ní àárọ̀.

Nítorí náà ìbọ̀ sítéńlẹ́ẹ̀sì gbọ́dọ̀ jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Ẹ fi pẹ́ńtì búlúù kun etí rẹ̀, kí ẹ sì gbé e kọ́ sí ibi tí ọmọṣẹ́ aláìbìkítà kò ní nawọ́ mú un fún irin. Igi tàbí alumíníọ̀mù tó mọ́ la fi ń ṣe é. A kì í fi bàbà ṣe é tó bá jẹ́ pé wọ́n ṣì máa jó iṣẹ́ náà, nítorí bàbà tó bá pa ara sítéńlẹ́ẹ̀sì ní ibi tí iná ajórin máa dé á yọ́ wọ inú irin náà, á sì jẹ́ kó sán. Ní ti iṣẹ́ tó jẹ́ alumíníọ̀mù, bíi kábúrétọ̀ tàbí orí ẹ́ńjìnnì kékeré, bàbà kò yẹ ẹ́ náà: èérún bàbà tó bá kù sí alumíníọ̀mù lára, pẹ̀lú ọ̀rinrin Èkó, á jẹ ẹ́ níhò.

Igi ni oògùn ìyẹn. Káfíńtà tó ti ń ra pátákó láti ìgbà ìwáṣẹ̀ mọ̀ pé igi kò rí bákan náà. Arère rọ̀ jù, fífún ẹ̀ẹ̀mẹta ó ti tẹ̀ bẹ̀lẹ̀jẹ̀. Afárá wà láàárín, òun la yàn. Ìrókò lágbára, àmọ́ ó máa ń ní òkúta funfun nínú, òkúta gidi tó ń ba ayùn jẹ́. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí ẹ tó fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun dídán.

Fún páìpù fẹ́lẹ́, ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì àti ohunkóhun tó bá yípo, igi tí a lu níhò ló dáa jù nínú gbogbo ohun tí a ti kà. Ká ní páìpù yín jẹ́ mìlímítà 25. Ẹ mú pátákó afárá tó nípọn ní 50, ẹ lu ihò 25 já a, kí ẹ wá fi ayùn là á sí méjì gba àárín ihò náà. Ohun tí ayùn jẹ, bíi mìlímítà 2, ni ààyè tí fáìsì máa fi fún páìpù náà. Dípò kí ó kàn án ní ìlà méjì péré, ó ti dì mọ́ ọn yíká. Páìpù fẹ́lẹ́ kò ní pẹlẹbẹ, kúróòmù kò ní là. Ẹ kíyè sí iṣan igi o. Kí iṣan náà gùn tẹ̀ lé ẹnu fáìsì, láti ọ̀tún sí òsì. Tó bá jẹ́ pé ó tẹ̀ lé páìpù, bí ẹ bá ti fún un, páìpù á ya igi yẹn sí méjì bí ìgbà tí wọ́n ń la igi ìdáná. Tí ó bá ń yọ̀, ẹ fi ẹfun pa inú ihò náà. Ẹ má fi páìpù mú kí ọwọ́ fáìsì gùn sí i kí ẹ lè fún un sí i. Bí ohun tí a dì mú bá ń yọ̀, ó sábà máa ń jẹ́ pé epo tàbí gírísì wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò nù.

Ṣọ́ọ̀kì tí a fi bẹ̀rẹ̀, tí ààyè bá wà láti fi sípánà di orí rẹ̀ mú níbi tí kò ní kúróòmù, ẹ má tilẹ̀ gbé e dé fáìsì.

Àwọn ohun mìíràn wà tí kò gba àlàyé púpọ̀. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tó ti jò, ẹ gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ ṣẹ́ ẹ bíi áńgù. Ó dára fún ohun tí a kun ọ̀dà sí àti fún rọ́bà, kò sì náni ní kọ́bọ̀. Ti elépo pupa, ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa. Ó ń yọ̀ díẹ̀, nítorí náà kì í ṣe ti iṣẹ́ tí a máa fi òòlù lù. Awọ nípọn mìlímítà 3 tàbí 4 lọ́wọ́ àwọn oníbàtà Múṣin, ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó, kí ẹ̀yìn rẹ̀ tó rí háráhárá kọjú sí iṣẹ́. Alágbẹ̀dẹ wúrà á fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi í sílẹ̀ lẹ́nu fáìsì mọ́jú ní àsìkò òjò. Awọ ń mu omi, á sì jẹ́ kí irin abẹ́ rẹ̀ dúdú kó sì dípẹtà. Tíúbù táyà di nǹkan mú dáadáa, àmọ́ ó ń fò. Ẹni tó bá fi fáìlì sí iṣẹ́ tó wà láàárín rọ́bà á gbọ́ bó ṣe ń ké, ojú iṣẹ́ náà á sì rí ìgbì-ìgbì. Pẹtiróòlù tún ń wú rọ́bà tíúbù.

Òjé ńkọ́? Àwọn àgbà fítà kan ṣì ń yọ́ òjé bátìrì dà sí ẹnu fáìsì, torí ó rọ̀, ó ń gba àwòrán iṣẹ́ bí àmọ̀, 327 díigíríì péré ló sì ń yọ́. A mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́. A kò gbà pé kí ẹnikẹ́ni ṣe é. Lọ́dún 2010 ní ìpínlẹ̀ Zamfara, ó kéré tán 400 ọmọdé ló kú nítorí eruku òjé tó jáde nínú òkúta tí àwọn òbí wọn ń lọ̀ láti wá wúrà. Eruku tó wà lára aṣọ iṣẹ́ ni ọmọ ń lá nílé. Ṣọ́ọ̀bù tí ọmọṣẹ́ ti ń jẹ ẹ̀wà àgọ̀nyìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáìsì, láìfọwọ́, kì í ṣe ibi tí òjé gbọ́dọ̀ wà. Bàbà tí a ti fi iná rọ̀ á ṣe ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti òjé.

Tí iná bá máa kan iṣẹ́, gbogbo àgbékalẹ̀ yìí yí padà. Kẹ́ẹ̀gì á yọ́, awọ á jó, igi á gbiná. Bàbà àti alumíníọ̀mù kò ní jó, àmọ́ wọ́n ń fa ooru mọ́ra débi pé ajórin á máa da iná sí iṣẹ́ títí, iṣẹ́ kò ní gbóná. Áńgù irin lásán, tí ojú rẹ̀ tẹ́jú tí kò ní eyín, ni kí ẹ lò níbẹ̀. Irin ni, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò ní ṣóńṣó. Ẹ má sì fi máṣíìnì ìlọrin lọ eyín ara fáìsì dànù nítorí èyí. Síkúrù méjì-méjì ló de irin eléyín yẹn mọ́ fáìsì. Ẹ tú u, ẹ tọ́jú rẹ̀, ọjọ́ kan á wà tí ẹ máa nílò eyín láti di irin gbàgùdù mú.

Ohun kan tún kù tó ń pa fáìsì tìkára rẹ̀. Tí iṣẹ́ bá kéré, tí ẹ sì fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún nìkan dì í mú, ẹnu fáìsì á wọ́, ìbọ̀ á sì fún iṣẹ́ ní ìsàlẹ̀ ju òkè lọ tàbí ní etí kan ju èkejì lọ. Ẹ wá irin tàbí igi tó nípọn bákan náà pẹ̀lú iṣẹ́ náà, kí ẹ há a sí ẹ̀gbẹ́ òsì. Àwọn tó fẹ́ kí ìbọ̀ rọrùn láti fi sí àti láti yọ ń lẹ òòfà mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Òòfà inú họ́ọ̀dì díìsìkì tó ti kú pọ̀ ní Ọ̀tígbà n'Ìkẹjà. Ó dára, àmọ́ ẹ máa nù ún, torí gbogbo èérún irin ṣọ́ọ̀bù ló máa wá jókòó sí i lára.

Ẹ̀bẹ̀ wa sí àwọn tó ń darí LASTVEB, àjọ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó, àti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ìjọba, bíi èyí tó wà ní Agídíńgbì, ni pé kí iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ọmọ máa ṣe jẹ́ ìbọ̀ ẹnu bàbà kan, ti alumíníọ̀mù kan, àti igi oníhò kan. Ìwọ̀n wà nínú rẹ̀, gígé wà, fáìlì wà, iná wà. Ọmọ náà á sì gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó bá ti lọ kọ́ṣẹ́, ọ̀gá tí kò ní tẹ́lẹ̀ á ti ní.

Olóòtú wa, a mọ̀ pé lẹ́tà yìí gùn. Tí ẹ bá máa gé e kúrú kó lè wọ ojú ewé, ẹ gé ọ̀rọ̀ Corolla àti ti mólùè kúrò, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gé àwọn ìwọ̀n: 165 ní gígùn, 60 ní ìbú, 20 fún etí kọ̀ọ̀kan, kí iṣan igi sì tẹ̀ lé ẹnu fáìsì.

Àwa fítà àti mẹkáníìkì kan,
Múṣin, Èkó.